Bàálù onípẹtiróòlù 50cc: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Àwòdì50
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Páálí bàálù tí a ń fi rìmóòtù darí ti dé. Apá rẹ̀ láti ṣóńṣó kan dé èkejì jẹ́ 2.2 m, igi fífúyẹ́ balsa àti páláńkì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ara rẹ̀, iléeṣẹ́ ti fi ìbora bò ó. Ẹ́ńjìnnì 55cc onísílíńdà kan, tí a kà mọ́ ìsọ̀rí 50cc, ni yóò gbé e. Àwòrán lásán ló kún inú ìwé tó bá a wá, àwọn oníbátìrì kéékèèké nìkan ni ọwọ́ mi sì mọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

BàbáPùròpélà
O kú oríire. Má tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń pa irú bàálù yìí jù ni gbígbọ̀n. Sílíńdà kan tó ń yí pùròpélà 22x8 (ìwọ̀n ní ínṣì) ní ìgbà 6,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ń mi gbogbo igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jìgìjìgì. Ibi tí gọ́ọ̀mù kò bá dé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú. Oníbátìrì kì í ṣe èyí fún ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

Gbé ara bàálù sórí fóòmù, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Wo gbogbo ibi tí igi méjì ti pàdé, láti pátákó iwájú tí a ó de ẹ́ńjìnnì mọ́, títí dé ẹ̀yìn ibi tí páìpù apá ti kọjá. Gọ́ọ̀mù tó bá mú dáadáa máa ń dán bíi gíláàsì ní igun. Bí o bá rí ibi tó gbẹ tó sì funfun, tàbí àlàfo tí abẹ réésà lè wọ̀, kán súpà gúlú tó ṣàn bí omi sí i, ìlà igi yóò fà á wọlé fúnra rẹ̀. Fi èékánná kan igi náà: èyí tó mú ń dún kó, èyí tó ti ṣí ń dún pọ̀.

Fún pátákó iwájú àti pátákó tí ẹsẹ̀ bàálù máa dè mọ́, súpà gúlú kò tó. Epoxy 30 ìṣẹ́jú ni kí o lò, kí o sì lẹ igi onígun mẹ́ta tó nípọn tó 10 mm sí gbogbo igun wọn láti inú. Lẹ́yìn náà, fi sípíríìtì la epoxy díẹ̀ kó lè ṣàn, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo inú àpótí ẹ́ńjìnnì. Igi tó bá mu epo kò ní gba gọ́ọ̀mù mọ́ láéláé.

Ìbora tó hunjọ kò ṣe bàbàrà, áyọ́ọ̀nù yóò nà án. Etí rẹ̀ ni kí o mójú tó, pàápàá níwájú apá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín máa gbà jáde. Tí epo bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, ó di pé kí o bó o.

ÌrùBàálù
Bàbá ti sọ ti iwájú, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yìn. Ẹ fa gbogbo ínjì (ohun tó so àwọn pátákó ìdarí tó ń ṣí tó ń pa mọ́ apá àti ìrù) wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń ti ínjì bọ ihò lásán láìlẹ̀ ẹ́, ìwé wọn kì í sì í sọ ọ́ ketekete. Èyí tó bá yọ, ẹ fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ rẹ̀ kó le rí ibi dì mú. Ẹ fi orí ìṣáná kan faselíìnì sí ojú ibi tó ti ń ṣẹ́, níbẹ̀ nìkan, kí epoxy má baà wọ̀ ọ́. Ẹ fi epoxy sínú ihò pẹ̀lú igi ìtayín, kì í ṣe sára ínjì nìkan, nítorí ẹnu ihò yóò gbọ́n ti ara ínjì nù. Kí ó tó gan, ẹ mi elevator (pátákó ìrù tó ń gbé imú sókè sódò) tàbí aileron (pátákó etí ẹ̀yìn apá tó ń yí bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́) náà lọ bọ̀ dé òpin, kí gbogbo ínjì lè tò sórí ìlà kan ṣoṣo.

Bí ó bá ti gbẹ, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara mọ́ àlàfo ínjì láti ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ bá ti tẹ aileron sókè dé òpin. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àlàfo yẹn kọjá ń dín agbára ìdarí kù, ó sì ń pe flutter: kí aileron máa gbọ̀n rìrì ní eré títí yóò fi fa ara rẹ̀ já. Ohun kejì tó ń pe flutter ni òkùú ìṣíra, ìyẹn kí ẹ lè fi ìka mi aileron díẹ̀ kí servo (mọ́tò kékeré tó ń yí i) má mọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí i tó 1 mm ní etí ẹ̀yìn, ẹ wá a rí. Ihò tó ti fẹ̀ lára ọwọ́ servo ló sábà máa ń jẹ́.

Ọwọ́ servo oníirin ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike. Kí ọwọ́ náà kúrú tó bí ẹ ṣe lè dín in kù tí ẹ óò fi ṣì rí ìwọ̀n ìyísódì (bí pátákó ìdarí ṣe ń yí tó) tí ẹ fẹ́. Bí ó bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ tí ẹ wá ń fi rìmóòtù dín ìrìn rẹ̀ kù sí 60%, ẹ ti sọ agbára servo nù, ìdarí yín á sì máa fò bí àkàbà dípò kó máa yọ̀. Níbi tí ìwo (ọwọ́ tó yọ lára pátákó ìdarí) ti di ọ̀pá mú, ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní orí ìlà ínjì gan-an. Tó bá wà lẹ́yìn ìlà náà, òkè àti ìsàlẹ̀ kò ní dọ́gba.

Àwòdì50
Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti rí ínjì méjì tó yọ lọ́wọ́. Agbára servo wo ni kí n rà? Rudder (pátákó òró ìrù tó ń yí imú sí ọ̀tún tàbí òsì) ńkọ́: ṣé okùn fífà ni tàbí servo ní ìdí ìrù?

ÌrùBàálù
Aileron àti elevator: ó kéré tán 20 kg-cm (ìwọ̀n agbára yíyí), eyín irin. Rudder: 30 kg-cm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó fẹ̀ jù gbogbo wọn lọ, òun ló sì ń jìyà nígbà tí bàálù bá ń fi ẹ̀gbẹ́ fò. Kí servo tó ń ṣí epo jẹ́ kékeré lásán, 4 kg-cm ti pọ̀ jù fún un.

Ti okùn: ẹ́ńjìnnì ló ń pinnu. Bí èyí tí ẹ rà bá wúwo, ẹ gbé servo rudder lọ sí ìdí ìrù kí ìwúwo lè dọ́gba. Bí ó bá fúyẹ́, ẹ lo okùn, kí servo wà láàárín ikùn. Nínú okùn méjèèjì, àlàfo láàárín ihò méjì lára ọwọ́ servo gbọ́dọ̀ bá ti ìwo rudder dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn kan yóò rọ̀ nígbà tí èkejì bá fà. Ẹ má fà á le bíi ti gìtá o. Ìfà tó pọ̀ jù ń jẹ bíárìn servo.

Onípúlọ́ọ̀gì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ́ńjìnnì ni tèmi.

Bí ẹ bá wo pátákó iwájú láti òkè, ẹ óò rí i pé ó dorí kọ ọ̀tún díẹ̀, ìwọ̀n 2 sí 3 digírì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kí pùròpélà má baà máa yí bàálù sí òsì bó bá ń gun òkè. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn ihò ẹ́ńjìnnì kò ní wà láàárín gbùngbùn pátákó, wọ́n á sún sí òsì, kí imú ẹ́ńjìnnì lè bọ́ sí àárín ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fi rúlà wá àárín pátákó tó lu ihò síbẹ̀ á rí spinner rẹ̀ (fìlà ṣóńṣó iwájú pùròpélà) tó ti ya kúrò lójú ìbòrí. Bí ìwọ̀n náà kò bá tó, wọ́ṣà lábẹ́ òpó ẹ́ńjìnnì méjì tó wà lápá òsì ni àtúnṣe rẹ̀. Bí àlàfo ihò sí ihò bá jẹ́ 70 mm, wọ́ṣà tó nípọn 1.2 mm ń fún yín ní digírì kan.

Ẹ de ìbòrí mọ́ ara bàálù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sún ẹ́ńjìnnì títí àlàfo láàárín ẹ̀yìn spinner àti ìbòrí yóò fi jẹ́ 3 mm. Kí ó má dín sí i, torí ẹ́ńjìnnì ń mì.

Gbogbo bolt tó wọ inú irin gbọ́dọ̀ ní gọ́ọ̀mù bolt aláwọ̀ búlúù. Ẹ kọ́kọ́ fi sípíríìtì nu ọ́ìlì iléeṣẹ́ kúrò lára eyín rẹ̀, torí gọ́ọ̀mù náà kì í gan lórí ọ́ìlì. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ike rárá, ó lè mú kí ike sán. Bolt sàléńsà ni kí ẹ ṣọ́ jù: ooru ń yọ́ gọ́ọ̀mù búlúù níbẹ̀, bolt á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ lo wọ́ṣà onítítì, kí ẹ tún un so lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó tún tutù ní ìgbà àkọ́kọ́.

Tánkì: 500 ml tó. Ihò mẹ́ta ni ó nílò: ti kábúrétọ̀, ti àtẹ́gùn, ti ìrọpo. Ẹ wo ìdérí rọ́bà rẹ̀ dáadáa, torí ti epo àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké yóò wú, yóò sì rọ̀ nínú pẹtiróòlù. Bákan náà ni rọ́bà silikóònù. Rọ́bà Tygon aláwọ̀ yẹ́lò ní ìta, rọ́bà Viton nínú tánkì, torí Tygon ń le gan nínú epo tó bá pẹ́, ìmu-epo (ẹnu wúwo tó ń fa epo nínú tánkì) kò sì ní lè tẹ̀ lé epo nígbà tí bàálù bá dorí kodò mọ́. Ìmu-epo náà kò gbọ̀dọ̀ kan ẹ̀yìn tánkì, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ku 6 mm. Bí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ dí ihò méjì, kí ẹ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kẹta lábẹ́ omi. Fùkẹ̀fùkẹ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé kábúrétọ̀ yóò máa fa atẹ́gùn mọ́ epo.

Ẹ gbé tánkì sórí páìpù apá, kì í ṣe sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Kábúrétọ̀ wọ̀nyí ní pọ́ǹpù nínú, wọ́n lè fa epo láti ibẹ̀ láìsí wàhálà, ìdọ́gba bàálù kò sì ní yí padà bí epo ṣe ń tán. Rọ́bà àtẹ́gùn, ẹ yí i ká tánkì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó mú u jáde nísàlẹ̀, kí epo má baà máa dà.

ÌyáBátìrì
Ẹ pẹ̀lẹ́ gbogbo yín. Iná ti kàn.

Bátìrì risífà (ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù) àti ti ignition (ẹ̀rọ tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná) kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Méjì fún risífà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú súwíìsì tirẹ̀, kí ìkan lè gbé bàálù délẹ̀ bí èkejì bá kú. Bátìrì LiFe 2S (sẹ́ẹ̀lì méjì), 6.6 V, 2,500 mAh tó. Bí servo bá jẹ́ èyí tó gba iná gíga, Li-ion 2S náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára servo, torí 8.4 V ni ó ń gbé nígbà tó bá kún. Bákan náà ni àpótí ignition: àwọn kan gba 4.8 títí dé 8.4 V, àwọn kan kò gbọdọ̀ ju 6 V lọ.

Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ignition, ẹ kó o síwájú: àpótí, bátìrì, súwíìsì. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti risífà, ẹ kó o sẹ́yìn, kí 25 cm ó kéré tán wà láàárín wọn. Ọ̀pá tó ń ṣí kábúrétọ̀ náà, kí ó jẹ́ ike, má ṣe irin, torí irin ni yóò gbé ariwo iná wá fún servo. Ẹ de súwíìsì ìpaná tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ sí àárín méjèèjì, kí ẹ lè ti orí rìmóòtù pa ẹ́ńjìnnì. Iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá láti apá kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó.

Ẹ kà á: aileron méjì, elevator méjì, rudder, epo, ìpaná. Ojú-ọ̀nà méje. Risífà olójú mẹ́fà kò tó yín.

Gbogbo ẹnu wáyà tó wà nínú apá àti ìrù, ẹ fi kílíìpù tì í. Kíkọ́ nìkan kò tó. Wáyà ìgùn servo kí ó jẹ́ 20 tàbí 22 AWG (nọ́ńbà ìnípọn wáyà). Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ iná lọ́nà, servo 20 kg-cm á sì di 15 láìsọ fún yín.

Àwòdì50
Ẹ̀yin ìyá, ṣé kí n fi àpótí tó ń pín iná sí i?

ÌyáBátìrì
Fún 50cc, rárá. Servo mẹ́fà lásán ni. Ẹ ti bátìrì méjèèjì bọ ojú méjì lára risífà tààrà, ó parí. Àpótí tún jẹ́ ohun kan tó lè bàjẹ́.

Onípúlọ́ọ̀gì
Níbí ni èmi àti ìyá kò ti fẹnu kò. Bí servo bá jẹ́ èyí tó ń fa iná gan-an, ẹnu tín-ín-rín ara risífà kò yẹ kó gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ fi mítà wọn iná kí ẹ tó pinnu.

ÌyáBátìrì
Mítà yẹn ni mo fara mọ́. Ẹ lò ó fún ohun mìíràn náà: ẹ so servo kan ṣoṣo mọ́ ọn, kí ẹ gbé e dé òpin ìrìn rẹ̀. Bí iná tó ń fà bá fò sókè tí kò sọ̀kalẹ̀, nǹkan ń dí i lọ́nà, ó ń tì lásán. Irú servo bẹ́ẹ̀ ń gbóná títí yóò fi jó, bátìrì yóò sì ti tán kí ẹ tó mọ̀.

BàbáPùròpélà
Ìbòrí ẹ́ńjìnnì ló kù, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti máa ń bàjẹ́. Má ṣe fojú wo ibi tí o fẹ́ gé. Kí o tó fi ìbòrí wọlé, fi sẹ́lótéèpù lẹ páálí fífẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara bàálù, kí ó na dé iwájú kó bo sàléńsà, kí o gé ihò sí páálí náà tó rí bí sàléńsà gan-an. Ká páálí sẹ́yìn, tú sàléńsà, de ìbòrí, dá páálí padà sí ààyè rẹ̀ lórí ìbòrí. Ihò ara páálí ni kí o fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé. Orí púlọ́ọ̀gì àti ìdè kábúrétọ̀ (èyí tí a fi ń dín epo kù tàbí fi kún un), ọ̀nà kan náà ni.

Àlàfo tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta èyí tó gbà wọlé, torí afẹ́fẹ́ tó gbóná ti wú. Àwọn kan á rí i pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná, wọ́n á tún fẹ iwájú sí i. Ó burú sí i nìyẹn. Gé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kí o sì fi balsa 3 mm dí apá òfìfo iwájú, kí afẹ́fẹ́ má rí ibòmíràn gbà ju àárín ìyẹ́ sílíńdà lọ.

Onípúlọ́ọ̀gì
Títan iná. Ẹ de ìrù bàálù mọ́ nǹkan tó lágbára, kí ẹnìkan tún dì í mú. Ìbọ̀wọ́ awọ. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ pùròpélà, ẹ̀yìn ni kí ẹ wà.

Epo: ní ìbẹ̀rẹ̀, 30 sí 1, ìyẹn 33 ml ọ́ìlì two-stroke sí lítà kan pẹtiróòlù. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti mọ́ iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé ìwé rẹ̀. Ìdè L (ti eré kékeré) àti H (ti eré ńlá): ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyípo kan àti ààbọ̀. Ẹ pa ṣóòkù dé, ẹ tan ignition, ẹ ṣí epo díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ ju pùròpélà títí yóò fi húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀ ni kí ẹ ṣí ṣóòkù. Ẹni tó bá ń bá a lọ pẹ̀lú ṣóòkù lẹ́yìn ìkọ́ yẹn ń da epo bo púlọ́ọ̀gì ni.

Nígbà tó bá gbóná, L ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ ti epo ṣí lójijì láti sílò: bó bá dákẹ́ fín-ín tó sì kú, epo kò tó, ẹ ṣí L ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Bó bá ń gbùrù tó ń tú èéfín, epo ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà H: ní epo kíkún, ẹ máa tì í pa díẹ̀díẹ̀ títí ìyára kò fi ní lọ sókè mọ́, kí ẹ wá ṣí i padà kó dín ní bíi 200. Ẹ padà sí L, torí òun náà ń kan epo òkè.

Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílẹ̀ tó sì ń kọ́ lófuurufú, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìdè. Atẹ́gùn inú ìbòrí ló ń tẹ ihò kékeré ara àwo kábúrétọ̀. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín so ihò yẹn, kí ẹ mú u wọ inú ara bàálù.

ÌrùBàálù
Ìdọ́gba: tánkì òfìfo, ohun gbogbo mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e ní ibi tí ìwé sọ, ó sábà máa ń sún mọ́ páìpù apá, kí imú sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi òjé sí i kí ẹ tó sún bátìrì. Nínú bàálù 8 kg, bátìrì 300 g tí ẹ bá sún sẹ́yìn ní 30 cm ń gbé ìdọ́gba sẹ́yìn ní 11 mm.

Ìyísódì fún ìfò àkọ́kọ́: aileron 20 digírì, elevator 12 sí 15, rudder 25. Ẹ tọ́jú elevator 45 digírì fún ọjọ́ mìíràn. Expo (ètò rìmóòtù tó ń rọ ìdarí nítòsí àárín) 30%, ṣùgbọ́n ẹ wo àmì rẹ̀: lórí rìmóòtù Futaba, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ló ń rọ ìdarí, lórí Spektrum èyí tó ní àmì ìròpọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣì í gbé yóò rí bàálù tó ń ta gìrì.

Ìdánwò jíjìnnà: ẹ dín agbára rìmóòtù kù bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, ẹ rìn tó ìṣísẹ̀ 30, lẹ́ẹ̀kan tí ẹ́ńjìnnì kú, lẹ́ẹ̀kan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa rìmóòtù lójijì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn: ó gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀.

Àwòdì50
Mo ti dé ibi ìdánwò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ó pé. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, servo rudder ń gbọ̀n láti ìṣísẹ̀ 20. Mo ti sún risífà, kò yí padà.

Onípúlọ́ọ̀gì
Ẹ fa fìlà púlọ́ọ̀gì. Ṣé ó tètè yọ?

Àwòdì50
Ó yọ pẹ̀lú ìka méjì.

Onípúlọ́ọ̀gì
Òun nìyẹn. Òrùka irin inú fìlà yẹn gbọ́dọ̀ fún púlọ́ọ̀gì pinpin, torí ibẹ̀ ni ariwo iná ti ń padà sílẹ̀. Ẹ fi púláyà fún òrùka náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tì í títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́". Ẹ wo wáyà onírin tó yí i ká pẹ̀lú, bí ó bá ti já níbìkan, àtúnṣe kò sí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwòdì50
Ó dún kẹ́. Mo dé ìṣísẹ̀ 40 pẹ̀lú epo kíkún, rudder dúró ṣinṣin.